“Ó ti ń rìn” kò tó: ẹ jẹ́ ká máa wọn ìrìn ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ojú ewé ìlera. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé àwa físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdánrawò tọ́jú ara, dé ọ̀dọ̀ yín. Tí ẹ bá bi ẹbí léèrè pé báwo ni bàbá tí rọpárọsẹ̀ kọlù ṣe ń ṣe sí, ohun tí wọn yóò sọ ni pé, “Ó ti ń rìn, a dúpẹ́.” Ohun kan náà ló máa ń wà nínú káàdì ọsibítù: “Ara ń yá, ó ti ń rìn díẹ̀díẹ̀.” Òun náà ni àwọn tó ń polówó àgbo ń kọ: “Ó dìde, ó rìn.” Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ènìyàn méjì ló di bàbá àkọ́kọ́ mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Èkejì ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí balùwẹ̀. Ẹ̀kẹta ń dá wọ mọ́tò lọ sí ọjà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló “ti ń rìn”.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìrìn. A mọ ẹni tó ń tiro, a mọ ẹni tó ń wọ́sẹ̀, a mọ ẹni tó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ́n bí ọ̀mùtí, a sì mọ ìrìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ọmọdé. Gbogbo wọn ń sọ bí ìrìn ṣe rí lójú. Wọn kò sọ bó ṣe yá tó, wọn kò sọ bó ṣe jìnnà tó, wọn kò sì sọ iye ọwọ́ tó ń ran ẹni náà lọ́wọ́. Nǹkan mẹ́ta yìí gan-an la fẹ́ kí wọ́n máa kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wò ó.

Ìdí tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì rèé. Ní Copenhagen, ní Denmark, àwọn oníṣègùn tọpa àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n gbé wọn dé títí ìtọ́jú wọn fi parí. Èsì rẹ̀ jáde ní 1995. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, 51 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò lè rìn rárá. Nígbà tí ìtọ́jú parí, 64 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó yè é ló ń dá rìn, 95 nínú ọgọ́rùn-ún sì ti dé ibi tó dára jù tí ìrìn wọn dé kí ọ̀sẹ̀ 11 tó pé. Ohun tí èyí ń sọ ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá fún aláìsàn mu ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìbáà ṣe omi kànga, ó ṣeé ṣe kó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń tún ọ̀nà ṣe ní àkókò yẹn. Ẹbí tí kò kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sílẹ̀ yóò fi owó ilé tọrẹ fún ẹni tó kàn bá wọn lójú ọ̀nà.

Iye ọwọ́ la máa ń kọ́kọ́ kọ. Ìwọ̀n kan wà tí àwọn físíò ọsibítù Massachusetts General ní Boston gbé jáde ní 1984, tó lọ láti òdo dé márùn-ún. Òdo ni ẹni tí kò lè rìn, tàbí tí ó di dandan kí ènìyàn méjì gbé kó tó rìn. Ọ̀kan ni ẹni tí ènìyàn kan gbọ́dọ̀ dì mú ṣinṣin láìtú u sílẹ̀, tó sì ń bá a gbé nínú ìwúwo ara rẹ̀. Méjì ni ẹni tí ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó fún, bóyá títí, bóyá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má bàa fì. Mẹ́ta, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í tàbí kó máa sọ fún un pé gbé ẹsẹ̀ yẹn dáadáa. Mẹ́rin, ó ń dá rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àmọ́ ó nílò ìrànlọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ilẹ̀ gbágungbàgun. Márùn-ún, kò sí ibi tí kò lè dá rìn dé. Ọ̀pá ìtilẹ̀ kì í dín nọ́ńbà yìí kù o. Ọwọ́ ènìyàn ló ń dín in kù.

Ibi tí ìwọ̀n yìí ti máa ń yẹ̀ ni ìfẹ́ ẹbí. Ọmọ yóò di ìdí ṣòkòtò bàbá mú láti ẹ̀yìn, ìyàwó yóò di ìgbọ̀nwọ́ mú, wọ́n á sì kọ “méjì” fún ẹni tó ti tó “mẹ́ta” láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó yẹ ni kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dúró ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ, kó fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn ìbàdí láìfi kan ara, kó fi àlàfo ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀, kó sì wo ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Bí ọwọ́ náà kò bá kan aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta ni. Bó bá kàn án ní ẹ̀ẹ̀kan péré, méjì ni, kò sí àbùkù níbẹ̀.

Ẹni tó ṣì wà ní òdo ńkọ́? Òun náà ní ohun tó ṣeé wọ̀n. Ìwádìí kan láti Netherlands, tó jáde ní 2011, wo nǹkan méjì láàárín wákàtí 72 tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀: ṣé ó lè dá jókòó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láìfarati nǹkan, ṣé ẹsẹ̀ tó rọ náà sì ní agbára díẹ̀ láti sún? Nínú àwọn tó ní méjèèjì, 98 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dá rìn nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn tí kò ní in, nǹkan bíi 27 ni. Bí ọjọ́ kẹsàn-án bá dé tí wọn kò tíì ní in, ó wálẹ̀ sí nǹkan bíi 10. Etí bẹ́ẹ̀dì la ti ń wo ìjókòó náà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ọwọ́ má di nǹkan kan mú. Fóòmù tó ti jìn máa ń tẹ aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí yóò sì mú kó jọ pé kò lè jókòó, nítorí náà ibi tó le díẹ̀ ni kí ẹ lò. Wíwò yìí kò sì túmọ̀ sí kí a máa fi tipátipá gbé ènìyàn dìde lọ́jọ́ kìíní: ìwádìí ńlá kan tó kan orílẹ̀-èdè márùn-ún, tó jáde ní 2015, fi hàn pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aláìsàn dìde lemọ́lemọ́ kí wákàtí 24 tó pé, èsì rẹ̀ kì í dára tó ti àwọn tí a rọra ṣe tiwọn.

Ìwọ̀n tí ọkàn wa fà sí jù ni ti ìyára. Kò ná yín ju tépù ìwọ̀n, aago inú fóònù àti pílásítà aláwọ̀ tó hàn dáadáa lórí ilẹ̀. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú tó gùn ju mítà 10 lọ díẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, gbọ̀ngàn ìjọ, ìta ilé tí wọ́n ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí. Ẹ lẹ pílásítà mẹ́rin mọ́lẹ̀, sí òdo, sí mítà 2, sí mítà 8 àti sí mítà 10. Aláìsàn yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, yóò sì rìn kọjá mítà 10 kó tó dúró, ṣùgbọ́n mítà 6 tó wà láàárín nìkan lẹ ó ka àkókò rẹ̀. Mítà 2 ìbẹ̀rẹ̀ wà fún kí ẹsẹ̀ gba ìyára. Mítà 2 ìparí wà kó má baà ti máa fà sẹ́yìn láti dúró nígbà tí aago ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ kò gbọ́dọ̀ yí padà láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì: “Bàbá, ẹ máa rìn bí ẹ ṣe máa ń rìn, kí ẹ kọjá ìlà ìkẹyìn kí ẹ tó dúró.” Ẹ tẹ aago nígbà tí ìka ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ bá ré ìlà mítà 2 kọjá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dúró nígbà tí ìka ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ bá ré ìlà mítà 8 kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ fi mẹ́ta pín in. Lẹ́yìn náà ẹ fi àkókò yẹn pín 6, ìyẹn ni ìyára rẹ̀: iye mítà tó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 20, ìyára rẹ̀ jẹ́ 0.3. Bó bá gba 15, ó jẹ́ 0.4. Bó bá gba 7.5, ó jẹ́ 0.8. A fi 0.4 àti 0.8 ṣe àpẹẹrẹ nítorí Jacquelin Perry, dókítà onímọ̀ nípa ìrìn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi àwọn nọ́ńbà méjèèjì pààlà ní 1995. Ẹni tí kò tó 0.4, inú ilé ni ìrìn rẹ̀ sábà máa ń mọ. Láti 0.4 sí 0.8, ó lè jáde ṣùgbọ́n kò lè lọ jìnnà. Ẹni tó ju 0.8 lọ lè rìn káàkiri àdúgbò. Ẹ gbé e wo ojú títì. Títì ọlọ́dà tí ọkọ̀ méjì lè pàdé lórí rẹ̀ máa ń fẹ̀ tó mítà 7.3. Ẹni tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 0.4 yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 18 láàárín títì, tí ọ̀kadà ń bọ̀ lápá ọ̀tún, tí dánfó ń bọ̀ lápá òsì. Ẹni tó jẹ́ 0.8 yóò lo 9. Nígbà tí ẹbí bá ń béèrè pé ṣé ìyá lè padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní òdìkejì títì, nọ́ńbà yìí la fi ń dá wọn lóhùn.

Bí ìyára bá sì pọ̀ sí i, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ìyípadà ojoojúmọ́ lásán? Fún àwọn tó wà láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ìwádìí fi hàn pé bí ìyára bá fi 0.16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ sí i, ìgbé ayé aláìsàn náà gan-an máa ń yí padà. Ẹ kíyè sí ìṣirò yìí dáadáa, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹni tó bá kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá 20 tó wá di 13 ti fi 0.16 kún ìyára rẹ̀, nígbà tí ẹni tó kúrò ní 20 tó di 19 kò tíì kúrò lójú kan. Àmọ́ ẹni tó kúrò ní 8 tó di 7 ti fi 0.1 kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá kan náà ló dín kù. Nítorí náà, ẹ má fi àkókò ṣe àfiwé, ìyára ni kí ẹ fi ṣe é.

Àwọn ohun tó máa ń ba ìwọ̀n yìí jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́pọ̀. Ẹni tó di aago mú á tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá sọ pé “Ó yá”, kì í ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ ré ìlà kọjá, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ-ọmọ á máa rìn níwájú tó ń pàtẹ́wọ́, bàbá á sì máa sáré lé e. Àwa náà tí a bá rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyára tiwa ló máa tẹ̀ lé, nítorí náà ẹ rìn ní ìdajì ìṣísẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má sì bá a sọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì máa rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sẹ̀ yìí sálúbàtà ló wọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bàtà aláṣọ. Lọ́sẹ̀ yìí orí táìsì tó ń yọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ orí sìmẹ́ǹtì. Ẹ kọ irú bàtà, ọ̀pá tó lò, àti bóyá ó wọ ike tó ń gbé ọrùn ẹsẹ̀ dúró, sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà, kí ẹ má sì pàrọ̀ wọn láìsọ. Ẹ má mú èyí tó dára jù nínú ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ sì gbàgbé méjì tó kù.

Ìyára nìkan kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ṣá. Ènìyàn lè yára sí i nítorí pé ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ti kọ́ bó ṣe máa wọ́ èkejì. Ẹ yí sálúbàtà rẹ̀ dojú dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ tó rọ bá ti jẹ tán níwájú, lábẹ́ àtàǹpàkò, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ṣì wà bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, ẹsẹ̀ yẹn kò gbéra nílẹ̀, orí ìka ló ń wọ́ lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìta ni rọ́bà ti jẹ, ọrùn ẹsẹ̀ ń yí sínú nígbà tó bá tẹlẹ̀. Ẹ wo orúnkún láti ẹ̀gbẹ́: ṣé ó ń ta sẹ́yìn bí ó bá gbé ìwúwo lé e? Ẹ wo ìbàdí láti iwájú: ṣé ó ń gbé e sókè, tó ń fi ẹsẹ̀ ya àbọ̀ òbìrí kó tó gbé e síwájú? Fóònù lè ya fídíò ìṣísẹ̀ mẹ́fà láti iwájú àti mẹ́fà láti ẹ̀gbẹ́ lóṣooṣù, láti ibì kan náà, pẹ̀lú ṣòkòtò tí a ká dé òkè orúnkún.

Lẹ́yìn ìyára, ó ku ìfaradà, èyí tí a ń wọ̀n pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọ̀nà tó gùn tó mítà 30 ló dára jù, àmọ́ bó bá jẹ́ mítà 15 lẹ ní, ẹ lò ó, kí ẹ má sì yí i padà mọ́, torí bí ìyípo bá ṣe pọ̀ sí i ni ọ̀nà tí yóò rìn yóò ṣe dín kù. Ẹ gbé àga kan sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ó lè dúró sinmi, ó lè jókòó, àmọ́ aago kò ní dúró. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ fún un pé ó ń ṣe dáadáa, kí ẹ sì sọ ìṣẹ́jú tó kù, kò jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi iye ìgbà tó lọ sọ gígùn ọ̀nà náà di púpọ̀, ẹ fi mítà tó rìn kẹ́yìn tí kò pé ọ̀nà kan kún un. Ẹ fi èsì rẹ̀ wé ìyára: ẹni tó ń rìn 0.8 yẹ kó tó mítà 288 ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bó bá dúró sí 190, àárẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀, kì í ṣe ìyára, ìdánrawò tó máa bá a mu sì yàtọ̀. Ẹ má dán an wò ní ọjọ́ tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ju 180 lókè tàbí 100 nísàlẹ̀, tàbí tí ọkàn bá ń lù ju ìgbà 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó jókòó, tàbí bí àrùn ọkàn bá kọlù ú láàárín oṣù tó kọjá. Bó bá ní àyà ń dùn ún, tó ń làágùn tútù, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀n-ọ́n gbọ́n, ẹ jẹ́ kó jókòó lójú ẹsẹ̀.

Ìdìde lórí àga náà wà: kó dìde, kó rìn mítà 3, kó yípo, kó padà wá jókòó, ẹ ka àkókò rẹ̀. Àga tó ní apá, tí ìjókòó rẹ̀ ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 46, la ń lò. Àga rọ́bà funfun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé máa ń sá sẹ́yìn nígbà tí aláìsàn bá tẹ apá rẹ̀ láti dìde, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ní ti fóònù tó ń ka ìṣísẹ̀, kò ṣeé gbára lé fún ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́: ó máa ń fo ọ̀pọ̀ ìṣísẹ̀, pàápàá bó bá wà nínú àpò. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá sàn jù ú lọ.

Lérò tiwa, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni kí wọ́n máa wọn ìrìn títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé, lẹ́yìn ìyẹn kó di oṣooṣù. Ojoojúmọ́ kò dára, torí ìyípadà ojoojúmọ́ máa ń kó ìbànújẹ́ bá aláìsàn láìnídìí. Ẹni tí kò tíì tó “mẹ́ta” nínú ìwọ̀n ọwọ́, kí físíò fúnra rẹ̀ ṣe é.

A sì fẹ́ tako ohun kan tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn ẹbí, pé tí oṣù mẹ́fà bá ti kọjá, ohun tó kù kò lè padà mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2011 kó ènìyàn 408 jọ. Àwọn kan fi okùn gbé ara dúró lórí ẹ̀rọ ìrìn láti oṣù kejì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù kẹfà, àwọn kan sì ń ṣe ìdánrawò nínú ilé lábẹ́ ojú físíò. Nígbà tí ọdún kan pé, 52 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti gòkè nínú ìwọ̀n ìrìn, ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì dọ́gba. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà kò gbẹ́yìn, àwọn tó ṣe tiwọn nílé kò sì gbẹ́yìn. Ohun tí Copenhagen rí ni bí ara ṣe ń padà kíákíá níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìwádìí yìí fi kún un ni pé ìdánrawò tí a tẹra mọ́ ṣì ń fi kún un lẹ́yìn ìgbà náà. Bí ẹ kò bá wọ̀n ọ́n, ẹ ò lè mọ̀ pé ó ń kún.

Olóòtú, ìbéèrè wa sí yín kò ju mẹ́rin lọ. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá mú ìtàn wá, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe oníṣègùn ìbílẹ̀, ìbáà ṣe ìjọ, pé aláìsàn rọpárọsẹ̀ kan ti dìde, kí àwọn akọ̀ròyìn yín bi í pé: ọjọ́ mélòó ni àìsàn náà ti kọlù ú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀? Ọwọ́ mélòó ló ń dì í mú nígbà náà, mélòó ló ń dì í mú báyìí? Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló fi ń rìn mítà 6 ṣáájú, mélòó ló ń fi ń rìn ín báyìí? Ìṣísẹ̀ yẹn, ṣé orí sìmẹ́ǹtì ilé ni àbí ó ti sọdá títì? Kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde bó ṣe rí.

Àwa ni tiyín,
Àwọn físíò tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀,
Ìbàdàn